Àgò Inú Garawa

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, oorun ń kùn mí lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gbálẹ̀ nínú pálọ̀ mi. Kì í ṣe orí táìsì ló ti ń gbá a o. Ọwọ̀ lórí iyanrìn ni, ṣàà, ṣàà, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń na ẹ̀yìn, á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú Ìbà Housing Estate tí mò ń gbé yìí, a ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá pátá, adìẹ gan-an ò rí ibi jẹ̀. Mo dìde láti lọ bá ẹni tó da iyanrìn sí pálọ̀ mi jà.

Tèmídire, ọmọ ọmọ mi, ni mo bá níbẹ̀, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n ti ń gbálẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú pé mo jí yín. Ẹ wá wo agboolé yín.”

Iṣẹ́ ọnà ni Tèmídire ń kọ́ ní yunifásítì tí kò jìnnà sí wa. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń da ìbéèrè bò mí nípa agboolé tí wọ́n bí mi sí ní àárín Ìbà, èyí tí wọ́n ti wó, tí wọ́n fi yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ́pò rẹ̀. Kò sí fọ́tò kan ṣoṣo tó kù. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: òun ló ni kọ̀ǹpútà, èmi ni mo ni àkísà. Mo sọ bí àwọn ilé ṣe kọjú sí ara wọn, ó yà á. Mo sọ nípa ògiri amọ̀ pupa tí àwọn ìyàwó ilé máa ń fi èédú kun ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó kùn ún. Ó lọ gba ìró odó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, ó sọ ọ́ di orin. Bí o bá ṣe ń sún mọ́ ilé ìdáná ni orin náà ń ròkè. Tó o bá tẹ bọ́tìnì kan, wàá rìn; tó o bá tẹ òmíràn, wàá bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà kọ́lé, ó kọrin, ó sì pìtàn, orí àga kan náà ló jókòó sí.

Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Mo gba abẹ́ àwọn igi àgbọn kọjá. Mo dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, mo bá ara mi nínú yàrá.

“Dúró!” Igbe tí mo ké ya èmi gan-an lẹ́nu. “Ta ló ní ká wọlé? A ò kágò!”

Ìyá tó bí bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Ojú wọn ti fọ́ kí n tó gbọ́njú. Orí ẹní kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé láìkágò. Wọn á fetí sí ohùn rẹ, wọn á ní “Àgò yà o,” wọn á sì pe orúkọ rẹ. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nínú àgò. Wọ́n ń gbọ́ ẹni tí ebi ń pa àti ẹni tí tíṣà nà. Lọ́jọ́ tí mo jí ẹran jẹ, bí mo ṣe kágò báyìí ni wọ́n ní kí n lọ nu ẹnu mi.

Tèmídire ní kò le. Òun á tún ilẹ̀kùn náà ṣe, kò ní ṣí àfi tí àlejò bá kágò sínú ẹ̀rọ, tí Ìyá Àgbà sì dáhùn. “Ẹ kàn sọ bí voice wọn ṣe rí fún mi, Màmá. Kọ̀ǹpútà máa ṣe é, á jọ ọ́ gan-an.”

“Rárá o,” ni mo wí, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Gánà ni bàbá mi wà nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ó ju ọdún kan lọ tí a ò ti gbúròó wọn. Ìyá Àgbà kì í sunkún, wọ́n kàn máa ń yí orí sí ẹnu ọ̀nà nígbàkígbà tí wọ́n bá gbọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́jọ́ tí mo ki orí bọ garawa òfìfo kan, tí mo sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ohùn tó jáde nípọn bí ohùn àgbàlagbà. Inú mi dùn, ọgbọ́n burúkú sì wọ orí mi. Mo gbé garawa náà lọ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà, mo kágò bí bàbá mi ṣe máa ń kágò, mo fa ìparí rẹ̀ gùn, mo wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé a jọ máa rẹ́rìn-ín ni.

Ìyá Àgbà, tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń gbé wọn dìde, dá dìde. “Àgò yà! Àgò yà, ọkọ mi!” Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ọwọ́ kọlu àmù, omi dà. Wọ́n fọwọ́ kan orí mi. Wọ́n fọwọ́ kan garawa. Wọ́n sì jókòó sínú omi náà. Wọn ò nà mí. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, “Ohùn ẹni tí à ń retí kì í ṣe ohun eré, ọmọ mi.” Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Kí ọyẹ́ tó dé lọ́dún náà, bàbá mi dé. Mo wà ní àgbàlá. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n kágò. Kò sí ìdáhùn. Wọ́n tún kágò, wọ́n wúkọ́. Nígbà tó yá ni Ìyá Àgbà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ láti inú yàrá pé, “Ọmọ mi, gbé garawa yẹn kalẹ̀.”

Bàbá mi wò mí, ọ̀rọ̀ náà ò yé wọn. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n wọlé láìsí ẹni tó dá wọn lóhùn, ìgbà tí Ìyá Àgbà sì fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú ọmọ wọn tán ni wọ́n tó gbà pé òun ni. Ayọ̀ ọjọ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ àkọ́kọ́, èyí tó yẹ kí wọ́n fi dá àgò ọmọ wọn lóhùn, èmi ti jí i lò.

Tèmídire yí àga rẹ̀ kọjú sí mi. “Saturday la máa gbé e fún àwọn èèyàn wò ní yunifásítì wa, Màmá. Tí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, ilé yẹn ò ní ṣí nìyẹn.”

Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Mo mọ̀ pé tí mo bá kú, kò tún sẹ́ni tó máa sọ bí wọ́n ṣe ń wọ ilé yẹn. Níkẹyìn, mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ wá, mo dáhùn àgò náà ní ohùn ara mi, ohùn obìnrin tó ti dàgbà ju Ìyá Àgbà ìgbà náà lọ. Ẹ̀ẹ̀kíní gbọ̀n, ikọ́ ba ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́, ẹ̀ẹ̀kẹta ló gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin onírun dàda kan dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà nínú kọ̀ǹpútà náà, ó tẹ bọ́tìnì títí. “Ó ti háńgì o.”

“Ẹ kágò,” ni Tèmídire wí.

“Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo sún mọ́ ọn, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó kágò sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú ìtìjú, ohùn mi dáhùn látinú ibẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un o, ó rọra tẹ orí ba kó tó wọlé, kí àtẹ́rígbà má baà gbá a, bẹ́ẹ̀ àwòrán lásán ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà lórí ilẹ̀ agboolé wa báyìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pe ara wọn lórí fóònù. Mi ò rántí ohùn Ìyá Àgbà mọ́, mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tí mo rántí ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí ẹní yẹn: kí ẹni tó bá dé má ṣe dúró níta láìsí ẹni tó dá a lóhùn. Èmi ni iṣẹ́ náà kàn báyìí.