Afínjú àti Omi Tí Ń Sá Lọ

Afínjú ni gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ń pè é, kò sì sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń tún ṣe, iṣẹ́ tí ọ́ìlì dúdú máa ń wọ àwọn yòókù lára dé ìgbọ̀nwọ́. Òun a máa nu sípánà kó tó dá a padà sáyè rẹ̀. Láràárọ̀, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a fi àkísà nu ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àkísà ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju aṣọ òde àwọn lọ. Bí ẹ́ńjìnnì kan kò bá mọ́, kò ní í jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ òun.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, dírẹ́bà ni. Sìmẹ́ńtì ló ń kó kọjá òkè gíga tó wà lójú ọ̀nà tó jáde nílùú. Bàbá wọn náà ti wa ọkọ̀ lórí òkè yẹn rí. Ibẹ̀ ni omi ti gbẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì bàbá nínú, tí ẹ́ńjìnnì gan, tí ẹrù sì fa ọkọ̀ padà sẹ́yìn lọ sínú kòtò. Bàbá yè é, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò bá a wálé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí báyìí, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ọkọ̀ létí òun.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àbúrò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, Afínjú ní kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án bí kò ṣe òun. Ó tú u palẹ̀ pátá. Ó fọ ohun gbogbo, ó ha ìpẹtà kúrò lára irin títí irin fi ń dán, ó ra èyí tó yẹ ní rírà, ó sì tún un tò. Ó rọ omi aláwọ̀ ewé sínú rédíétọ̀, irú èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Nígbà tó tẹ iná sí i, ohùn rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́. Àbúrò rẹ̀ jó yí ọkọ̀ náà ká.

Lọ́jọ́ kejì, Afínjú ṣí ìdérí rédíétọ̀, omi ti relẹ̀.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ́ńjìnnì tuntun ló jáde, ó bu omi kún un. Nígbà tó tún yẹ̀ ẹ́ wò, omi tún ti relẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ilẹ̀ gbẹ. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó wò ó nínú oòrùn, bóyá omi ti wọnú ọ́ìlì tí yóò fi funfun bí ògì. Ọ́ìlì mọ́. Ó ní kí ẹnì kan tẹ ẹ́ńjìnnì, ó dúró sídìí èéfín, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Kò sí omi níbẹ̀. Ó tún gbogbo ọ́ọ̀sì tó ń gbé omi dè, ó tún àwọn bóòtù orí ẹ́ńjìnnì fún le, síbẹ̀ omi ń lọ. Ká ní ó ń kán sílẹ̀ ni, ẹ̀rù kì bá tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ṣeé fojú rí yìí ló ń bà á lẹ́rù.

Àbúrò rẹ̀ wá bá a ní ọgbà.

"Bùọ̀dá, ẹrù ti wà nílẹ̀ o. Ọ̀tunla ni mò ń gbéra."

"Kò tíì ṣeé gbé."

"Kí ló tún kù? Ẹ́ńjìnnì tó ń kọrin báyìí?"

"Omi ń dín."

Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ dáadáa. "Omi wo ló ń dín? Ilẹ̀ yìí gbẹ ju ẹnu ẹni tó ń gbààwẹ̀ lọ. Àbí ẹ̀ ń mu ún ni?"

"Má bá mi ṣeré. Mi ò mọ ibi tó ń gbà lọ."

"Màá gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání."

"Bàbá náà gbé kẹ́ẹ̀gì dání."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà kò dọ̀tí. "Ẹ ò ní yé fi ìyẹn dẹ́rù bà mí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Bùọ̀dá, mo kàn ń gun òkè yẹn bẹ́ẹ̀ ni. Bí mi ò bá gbé ẹrù yìí, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, wọn ò sì ní í pè mí mọ́. Ọ̀tunla ni."

Afínjú délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó láìbọ́ bàtà. Lójú rẹ̀, òkè yẹn ló ń rí: ọkọ̀ tó kún fún sìmẹ́ńtì, ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́ lójijì, àbúrò rẹ̀ tó di ìdarí ọkọ̀ mú tí ìdarí kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti máa ń bá a fọ àwọn àkísà ibi iṣẹ́.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ wá ná. Ṣé ẹ ti fi mẹkáníìkì sílẹ̀, ẹ ti di akunlé ni?"

"Akunlé báwo?"

"Ẹ wo àkísà yín. Àwọn yòókù dúdú bí wọ́n ṣe máa ń dúdú. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló wà létí eléyìí. Mo fọ irú ẹ̀ lánàá, mo fọ irú ẹ̀ níjẹta. Kò le láti fọ̀, mo kàn ní kí n bi yín ni."

Ó gbà á, ó gbé e sí imú. Ó ń ta sánsán díẹ̀, bí omi rédíétọ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó fẹ̀yìn ti ògiri. Láràárọ̀, kó tó ṣí rédíétọ̀ wò, ó ti nu ẹ́ńjìnnì tán. Ibi tí omi ń gbà lọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń pa á rẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ń fọ ìyókù dànù.

"Kí ló dé? Mo ṣe nǹkan ni?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Yá mi ní dígí ìwojú rẹ, èyí tó kéré."

Ó padà sí ọgbà. Ó tẹ ẹ́ńjìnnì títí ó fi gbóná dáadáa, ó pa á, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di àárọ̀. Nígbà tó dé láàárọ̀, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àpò kí wọ́n má baà wá àkísà lọ.

"Afínjú, ara rẹ ò yá ni?" ni ẹnì kan kígbe láti abẹ́ ọkọ̀ mìíràn. "Eruku ti bo ẹ́ńjìnnì rẹ o!"

Afínjú ti dígí bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara àgọ́ tí dírẹ́bà ń jókòó sí, tí ojú kì í dé. Ó rí i. Okùn aláwọ̀ ewé kan, tó tín-ín-rín bí òwú abẹ́rẹ́, ti gbẹ mọ́ irin. Ooru irin náà ni kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀. Ó wò ó lọ sókè, ó bá a nídìí ìdérí irin roboto kan tí wọ́n fi dí ihò omi, tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù àwọ̀lékè lọ. Ó na ọwọ́ débẹ̀ tipátipá, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ó mì.

Lórí òkè, nígbà tí omi bá gbóná tó sì ń tì í, ìdérí yìí ìbá fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo omi inú ẹ́ńjìnnì ìbá sì tẹ̀lé e. Kẹ́ẹ̀gì kò ní í ran ìyẹn. Ó mọ ohun tó fà á pẹ̀lú. Òun ló fi sáńpépà ha inú ihò náà títí ó fi ń dán bí àwo, ó sì ti fẹ̀ ẹ́ ju ìdérí lọ. Ẹlòmíràn ìbá fi ìpẹtà díẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ìbá sì di ìdérí mú.

Ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀, ó ní kí òun náà fi ọwọ́ kàn án. Ìyẹn tẹ̀ ẹ́, ó fa ọwọ́ yọ kíá bí ẹni tí nǹkan bù jẹ.

"Eléyìí bíńtín?"

"Òun ni. Èmi ni mo fẹ̀ ihò rẹ̀."

"Ẹ tún un ṣe. Kí ẹrù náà dúró. Ẹni tí kò bá lè dúró nínú àwọn ẹlẹ́rù, kó gbé sìmẹ́ńtì rẹ̀ lórí gùnkè."

Àwọn tó ni ẹrù bínú, wọ́n halẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró. Afínjú lọ bá àwọn tó ń gẹ irin, wọ́n gẹ ìdérí tó tóbi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì fi òòlù gbá a wọlé. Lẹ́yìn náà kò nu ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Eruku bò ó, ojú ń tì í láti ṣí i níwájú ènìyàn, ṣùgbọ́n nínú eruku náà kò sí àwọ̀ ewé kankan, omi kò sì relẹ̀.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ gbéra, Afínjú kò lè ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún un ní ọgbà, ó jókòó tì í, kò sì sọ pé kó jẹ ẹ́. Wọ́n ń gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń gùnkè láti ọ̀nà jíjìn, bó ṣe ń pààrọ̀ jíà, tó ń kérora. Nígbà tó yá, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Fóònù dún.

"Bùọ̀dá, mo ti dé orí òkè. Mo ti pa á, mò ń dúró kó tutù kí n tó ṣí i. Ẹ má pa fóònù."

Atẹ́gùn ló ń fẹ́ nínú fóònù fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà irin kan dún lára irin.

"Ó kún. Bùọ̀dá, ó kún dé ẹnu. Ṣé kí n máa lọ?"

Afínjú mi orí sókè sódò bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ń rí i. Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ní kó o máa lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n rọra."