Òwò Ni Tàbí Ọ̀wọ̀?

Bí mo bá ṣí àpótí aṣọ, tí òórùn káńfọ̀ kọlu imú mi, kóòtù òtútù kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wọ̀ ọ́ kiri nínú oòrùn Kàbà. Àfẹ́sọ́nà mi ni. Lọ́kọ́ja ló ti rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù aṣọ, ó sì ń wọ̀ ọ́ lọ sóko kọfí lọ́sàn-án gangan, kí ara rẹ̀ lè mọ òtútù ìlú òyìnbó kó tó débẹ̀. Òógùn á bò ó bí ẹni tí òjò pa. Bí a bá kí i pé, "Okun o," bí àwa ará ibí ṣe ń kí ara wa, á ní, "Gúdù mọ́nìn."

Òyìnbó ló ṣì ń ṣèjọba lórí wa nígbà náà. Àfẹ́sọ́nà mi ti ka ìwé dé Sítáńdáàdì Síìsì, ó ní ilé-ìwé òwò lókè-òkun ló kù tí òun máa lọ. Ìyá mi ní, "Òwò náà ni wọ́n ń lọ kọ́ nílé-ìwé? Èmi tí mo ń hun aṣọ, tí mo ń tà á, tíṣà wo ló kọ́ mi?" Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú ìyá mi. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, nítorí ojú mi ti là: mo ti ń fi ṣíbí jẹ iyán. Ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ó ní ìgbéyàwó wa á dúró di ìgbà tí òun bá dé. Ìyá mi wò mí, ó ní, "Ẹni tó bá ti rékọjá òkun, okùn wo lo fẹ́ fi fà á padà?"

Kò sí ibi tí owó náà ti lè wá àfi kí wọ́n ta oko kọfí ẹbí, èyí tí gbogbo agboolé fi ń jẹun. Nítorí náà wọ́n pe ìpàdé láti wá ilé-ìwé tí kò wọ́n. Èmi ni mo ń bu omi fún wọn. Àfẹ́sọ́nà mi tẹ́ àwòrán àwọn ilé-ìwé sórí ẹní, àwọn àgbà sì ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń ra ewúrẹ́. Ọ̀kan ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga. Bàbá rẹ̀ ní, "Ẹ gbé èyí kúrò. Ilé tó bá ga, owó rẹ̀ á ga." Nínú òmíràn, ilẹ̀ funfun láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀, tí òun náà ń hun aṣọ, pariwo pé, "Yéè! Ẹ wo òwú! Wọ́n fi òwú ṣòfò nílẹ̀! Ibí ni kó lọ, kó máa ṣà á ránṣẹ́ sí wa." Àfẹ́sọ́nà mi ní yìnyín ni. Àwọn obìnrin ní kó lọ jókòó. Ta ló fẹ́ fi òwú han ahunṣọ? Bí wọ́n ṣe fi òwú mú ilé-ìwé nìyẹn.

Ó wá ku Bàbá Àgbà, bàbá bàbá rẹ̀, tó gbin oko náà. Wọ́n ní etí rẹ̀ ti ń di. Ó ń jẹ obì jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Níbo lọmọ yìí ní òun ń lọ?"

"Ilé-ìwé òwò ni, Bàbá," ni bàbá àfẹ́sọ́nà mi dáhùn.

"Ọ̀wọ̀?" Ojú Bàbá Àgbà là. "Ọ̀wọ̀ tó wà lẹ́yìn Ìkàrẹ́ yìí?"

"Rárá, Bàbá! Òwò! Nílùú òyìnbó!" Àfẹ́sọ́nà mi ló lọgun bẹ́ẹ̀.

"Òyìnbó wà ní Ọ̀wọ̀. Mo rí ọ̀kan. Ó dé akẹtẹ̀."

"Bàbá, ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀…"

"Lọ́rì ń lọ síbẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ọkọ̀ omi ṣe lórí iyẹ̀pẹ̀?"

Ó dìde. "Ọ̀wọ̀ dára. Kò jìn, kò sì wọ́n. Ẹ ta ewúrẹ́, ẹ má fọwọ́ kan oko. Ṣùgbọ́n kó gbé ìyàwó rẹ̀ wọlé kó tó lọ." Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, gbogbo ilé sì ń ṣe àmín kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí. Àdúrà àgbà tí a ti ṣe àmín sí, ta ni yóò kó o padà sí i lẹ́nu?

A ṣe ìgbéyàwó. Ọkọ mi gun lọ́rì tòun ti kóòtù. Mo sunkún bí ìyàwó ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń fi mí ṣẹ̀sín: "Ìyàwó Lọ́ńdọ̀nù, Ọ̀wọ̀ á gbè é o!"

Ilé-ìwé kékeré kan wà ní Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìṣirò òwò. Ṣùgbọ́n Òkè-Ọya ni ìjọba ka àwa ará Kàbà mọ́, nítorí náà wọ́n ń pe ọkọ mi ní Gàm̀bàrí, wọ́n sì ní kó mú onígbọ̀wọ́ wá. Ó kí ìyá onílé rẹ̀ pé, "Okun o," ìyá náà sì júwe ìsọ̀ àwọn tó ń ta okùn fún un. Yorùbá láàárín Yorùbá, ó di àjèjì. Ó ránṣẹ́ sílé pé kí a má tan ara wa jẹ, òkè-òkun ni Ọ̀wọ̀ náà.

Nígbà tó dé, a ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òun ń kọ ìṣirò sílẹ̀, èmi ń tajà.

Ní ọjọ́ kan, mò ń bu ọbẹ̀ Bàbá Àgbà lẹ́yìnkùlé, mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí àbúrò ọkọ mi pé kí a yọ ẹran ńlá yẹn kúrò, Bàbá kò kúkú ní lè jẹ ẹ́. Láti inú iyàrá ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ìyàwó, eyín ni n kò ní. Ta ló sọ fún ọ pé n kò létí?"

Mo dá ẹran padà.

Bàbá ti lọ, ọkọ mi náà ti lọ, oko kọfí ṣì ń so. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi gbé fóònù wá síwájú mi, ó ń fi àwòrán ilé-ìwé òwò lókè-òkun hàn mí. Ilẹ̀ ọ̀kan funfun. Mo rántí òwú. Ó ní, "Màmá, owó ibí yìí ò wọ́n. Tí a bá kàn lè ta oko yẹn…"

Mo fọwọ́ ti etí mi síwájú. Mo ní, "Níbo lo ní? Ọ̀wọ̀?"