Kọ̀ǹpútà Tí Wọ́n Ní Kí N Má Tàn

Bẹẹrẹ ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi wà nígbà náà, lójú ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, díẹ̀ sì ni ẹni tó ń kọjá níbẹ̀ tí bàbá ọkọ mi kì í pè wọlé wá wo kọ̀ǹpútà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun Alásárì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kéèyàn ṣáà ti kí wọn, wọ́n á ní, "Ìyàwó wa ló ni ẹ̀rọ yìí o. Wọlé, wá wò ó." Inú mi máa ń dùn. Ìyàwó mélòó ni bàbá ọkọ ń fi yangàn?

Àlòkù ni kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Iléeṣẹ́ kan tó ń palẹ̀ ẹrù àtijọ́ mọ́ ni ọkọ mi ti rà á, ara rẹ̀ tó jẹ́ funfun tẹ́lẹ̀ sì ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń mu tábà. Eruku ti ba ihò dískẹ́ẹ̀tì, èyí tí à ń da iṣẹ́ kọ sí, jẹ́. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀, inú háàdì díìsìkì tó wà ní ikùn rẹ̀ nìkan ló ń gbé. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni ṣe é.

Lọ́dún yẹn, iṣẹ́ àṣekágbá àbúrò mi ọkùnrin wà nínú rẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó ti rin àwọn agboolé abẹ́ òkè Màpó já, tó ń bi àwọn ìyá àgbà léèrè bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú. Ó fọwọ́ kọ ọ́, ó kó o wá fún mi, ó sì ń jókòó tì mí bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tún un ṣe lójú ẹ̀rọ. Nígbà tí a parí, mo bi í pé kí ni ká ṣe sí àwọn ìwé tó fọwọ́ kọ. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ kó o fún ìyá ẹlẹ́pà, Àǹtí mi. Ṣebí ó ti wà nínú ẹ̀rọ."

Ìyá ẹlẹ́pà sì fi gbogbo rẹ̀ di ẹ̀pà tà. Títẹ̀ ẹ́ sórí pépà ló kù, ríbọ́ọ̀nì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló sì gbẹ, a ń wá òmíràn.

Ìgbà yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kan nínú, kò-kò-kò. Mo ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní Òkè-Àdó. Ó dé, ó gbé etí lé e, ó mi orí.

"Àǹtí, háàdì díìsìkì yín ti ń kú lọ o. Ẹ má tan án mọ́. Ẹni yòówù tí ì báà ní kẹ́ ẹ tan án, ẹ má dá a lóhùn. N ó wá òmíràn, ká kó ohun tó wà nínú eléyìí sínú ẹ̀ kó tó kú fin-ín-fin-ín. Bẹ́ ẹ bá tún tan án báyìí, èmi ò mọ̀ o."

Mo yọ wáyà rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó. Mo sọ fún àbúrò mi, ó ní kò burú, a ó dúró. N kò sọ fún bàbá ọkọ mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ọkàn wọn kò ní balẹ̀. Ohun tí mo fi tan ara mi nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn láti ẹgbẹ́ àsàlátù wọlé. Alhaji kan wà nínú wọn tó ti ń sọ káàkiri pé àpótí òfìfo ni bàbá ọkọ mi ń fi ṣe fọ́ńté. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyàwó, tan án fún wọn."

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ mìíràn."

Alhaji yẹn wúkọ́, ó wo ẹnìkejì rẹ̀. Bàbá ọkọ mi tún sọ pé kí n tan án, ohùn wọn le, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni mo rí lójú wọn. Ìyàwó ilé kì í kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì níwájú ẹgbẹ́ wọn. Mo gbàdúrà kí iná lọ. Iná tí kì í dúró rí, ọjọ́ yẹn ló wà digbí. Mo tan kọ̀ǹpútà.

Ó ṣiṣẹ́! Wọ́n ń kígbe "Sùbúánálláì!" Alhaji ní kí n kọ orúkọ òun, mo kọ ọ́ gàdàgbà, ó sì ń fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń wo dígí. Bàbá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bí wọ́n ti ń bọ́ sí títì ni nǹkan kan ha nínú ẹ̀rọ náà, kìrììì, ojú rẹ̀ sì dúdú. Mo pa á, mo tún un tàn. Kò dáhùn.

Mo tún fi aṣọ bò ó. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń retí pé bóyá ẹni Òkè-Àdó yóò rí ọgbọ́n dá sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló gbé háàdì díìsìkì tuntun dé. Àbúrò mi wà níbẹ̀, bàbá ọkọ mi sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni Òkè-Àdó so wáyà, ó tú u, ó tún wáyà so, ó wá yíjú sí mi.

"Àǹtí, ẹ ti tan án. Ṣebí mo kìlọ̀ fún yín? Ó ti ha ojú ara ẹ̀ bàjẹ́. Kò sí nǹkan kan tí mo lè kó níbẹ̀ mọ́."

Àbúrò mi ń wò mí, èmi ń wo ilẹ̀. Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọlẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó tan án." Bàbá ọkọ mi ti dìde. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Iṣẹ́ ilé ìwé mi ni, Bàbá," ni àbúrò mi wí. "Gbogbo ẹ̀."

Bàbá ṣí fìlà. Níwájú ọmọ tí wọ́n lè bí lọ́mọ-ọmọ, orí funfun wọn hàn síta. "Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. N ò mọ̀ ni."

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dé fìlà wọn. Wọn kò dé e. Èmi ni wọ́n yíjú sí.

"Ìyàwó, ṣé n ò tó ẹni tí à ń sọ fún ni? O ò bá ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó kó wọn wá. Ṣé màá lù ọ́ ni?"

Iyì wọn ni mo ní mò ń dáàbò bò.

Àbúrò mi padà sí abẹ́ Màpó, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jáde ṣáájú rẹ̀. Òun ti dárí jì mí, àwàdà ló ń fi í ṣe báyìí. Kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú háàdì díìsìkì tuntun. Mo kúnlẹ̀ bẹ bàbá ọkọ mi kí wọ́n tún máa kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá, wọ́n ní a ó máa rí i. Bí wọ́n bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí, nínú oòrùn, wọ́n á wá rọra bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé mo lè wọlé?"