Ẹsẹ̀ Adìẹ Lábẹ́ Gíláàsì

Ohun tó ń bí Bàbá Awòmítà nínú jù láyé ni kí ènìyàn sọ pé gbálẹ̀gbálẹ̀ ni bàbá òun. Ẹni tó sì ń sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀tá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilé iṣẹ́ gíláàsì tí bàbá wọn ti ṣiṣẹ́ rí, èyí tó ti kógbá sílé, ẹ̀gbọ́n náà á ní, "Ìgbálẹ̀ ni mo rí lọ́wọ́ bàbá wa, n ò rí gíláàsì kankan."

Ìyẹn ló sọ ọkùnrin náà di ẹni tó ń kó atẹbébà jọ, àwọn gíláàsì roboto tó wúwo, tí àwọ̀ oríṣiríṣi lọ́ mọ́ra nínú wọn, tí àwọn ará àtijọ́ fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Bí iṣẹ́ bá parí, àwọn tó ń fi ẹnu fẹ́ gíláàsì a máa fi èyí tó ṣẹ́ kù ṣe é fún ara wọn. Bàbá rẹ̀ sọ fún un nígbà tó wà ní kékeré pé òun náà ń ṣe é. Bàbá ọ̀hún kì í sì í ní nǹkan kó má fi àmì sí i. Ife rẹ̀ ni o, àpótí rẹ̀ ni o, ilà mẹ́ta bí ẹsẹ̀ adìẹ wà lára gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n pàápàá mọ àmì yẹn dáadáa.

Iṣẹ́ mítà kíkà ló ń gbé e wọ ilé onílé, ojú rẹ̀ kì í sì í gbé orí mítà nìkan. Ó ra atẹbébà títí ìyàwó rẹ̀ ò fi ríbi kó àwo sí mọ́. Gbogbo wọn ló yí wò nídìí bóyá á rí ẹsẹ̀ adìẹ, òfo ló ń bá níbẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ. Gíláàsì búlúù kan ni ìyá náà gbé lé bébà tó fi ń gé aṣọ, nítorí fáànù. Bàbá Awòmítà yí i wò. Nídìí rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ kúrò lára irin tí wọ́n fi fẹ́ ẹ rí ṣákaṣàka, ẹsẹ̀ adìẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ká ní ó dákẹ́ ni! Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù àwọn olùrajà dé sí i: má jẹ́ kí ẹni tó ni nǹkan mọ̀ pé ó wù ọ́. Ó yínmú.

"Ìyá, gíláàsì yìí ò bá dáa o, ìdí ẹ̀ ló bà á jẹ́. Ẹ wò ó bó ṣe rí játijàti. Ṣé ẹ máa tà á bẹ́ẹ̀?"

"Òótọ́ lẹ sọ, ó máa ń fa òwú aṣọ yọ. Tẹ́ ẹ bá tún wá wo mítà, ẹ ó gbọ́ èsì."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Bàbá Awòmítà ò mọ̀, ó ti ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wá wo ẹ̀rí.

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Aránṣọ ti fi àjákù aṣọ wé gíláàsì náà dè é, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má sanwó rárá. Àbúrò mi tó ń to táìsì sílẹ̀ ilé ti bá yín fi ẹ̀rọ ha ìdí ẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wò ó bó ṣe ń dán."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó ń yọ̀ bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Inú bí i débi pé omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n ta ni yóò bínú sí? Àfọwọ́fà ni.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ló ní.

Ẹ̀gbọ́n ti dé ilé ṣáájú rẹ̀, ó ti fi awò sójú dè é. Ó gba gíláàsì náà, ó yí i po.

"Àmì ọ̀hún dà?"

"Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ha á kúrò ni."

Ẹ̀gbọ́n gbé gíláàsì náà sókè sí fèrèsé, ó ń wo búlúù inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́," ló ní. "Ká ní bàbá wa lè ṣe irú ẹ̀ ni."