Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Fi Làjà

Èmi ni alága àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ipò tí wọ́n gbé fún mi torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Lọ́sàn-án Sátidé kan, àwọn géńdé láti òpópó méjì, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ kọ́ńpìnnì, ń jà nítorí pápá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tá a ní. Nígbà tí mo máa débẹ̀, wọ́n ti ń fọ́ ìgò láti fi gún ara wọn. Mo pariwo títí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo wá ní, "Ó dáa, ẹ̀yin bàbá mi, mo júbà," mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wọn.

"Háà! Bàbá, èèwọ̀! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

Wọ́n ju ìgò sílẹ̀, gbogbo wọn náà dojú bolẹ̀. Ta ló máa nàró kí bàbá arúgbó dọ̀bálẹ̀ fún un?

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, àmọ́ orúnkún mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. N ò lè dìde. Àwọn olórí ìjà méjèèjì ló gbé mi délé, ọ̀kan lápá, ọ̀kan lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ṣé sìmẹ́ńtì lẹ jẹ láàárọ̀ ni?"

"Ìwọ gbé wọn dáadáa jàre!"

Ìyàwó mi rí wa lókèèrè. "Alága, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ làjà ni wọ́n ń gbé bọ̀ yìí?"

Ó gbé ẹ̀bà fún àwọn méjèèjì nínú abọ́ kan. Kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán, wọ́n ti pín pápá: Sátidé fún òpópó kan, Sọ́ńdè fún èkejì. Èyí tí wọn ò tíì yanjú títí dòní ni ẹni tó gbé ibi tó wúwo jù lára mi.