Ọjọ́ Tí Mummy Béèrè Orí Ẹja ní Bruges

Ìtasánsán ẹja tí wọ́n ń dín nínú bọ́tà ló dá mi dúró ní ọ̀sán Jímọ̀ tó kọjá. A ti kírun tán, èmi àti Àmínátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, a ń gba ẹ̀gbẹ́ rélùwéè Peckham ní London bọ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ṣí ilé oúnjẹ sí abẹ́ afárá. Wọn kò kọ orúkọ kankan sára ilẹ̀kùn rẹ̀, àfi kéèyàn fi imú wá a. Mo dúró, mo fa òórùn náà símú dáadáa. Àmínátù rò pé ebi ló ń pa mí.

"Aunty, ẹ má worry," ló wí. "Èmi àti àwọn friends mi ń lọ Bruges for the weekend, just to eat. Màá snap gbogbo food yẹn fún yín."

Ó ní city break ni wọ́n ń pè é. Ó ní ìran tiwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń jayé, pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó àti ilé kíkọ́ nìkan ni àwa àgbà mọ̀. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ dá ìgbádùn sílẹ̀. Ìyá àgbà rẹ ti jẹun ní Bruges kí wọ́n tó bí ẹ, wọ́n sì jẹ ẹ́ débi pé gbogbo ilé oúnjẹ náà ń wò wọ́n. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí n sọ ọ́ fún yín.

Nígbà yẹn, ilé council tí ìjọba ń fi háyà la ń gbé, ní ọ̀kan nínú àwọn estate ńlá tí wọ́n ti wó palẹ̀ báyìí ní Peckham. Òkè pátápátá ni tiwa wà. Wọ́n fi àwọn ọ̀nà tóóró so ilé kan mọ́ èkejì débi pé ọmọdé lè ti ilé wa rìn dé ìtòsí ilé ìwé láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀, bí ajá àwọn ará ibẹ̀ bá jẹ́ kó kọjá. Nínú ilé wa, Daddy ló ń jókòó nídìí tábìlì, lórí àga kan ṣoṣo tó ní apá, orí ẹja sì ni tiwọn. Èmi àti Rísì, ẹ̀gbọ́n mi, la máa ń pín àárín. Mummy á mú ìrù, wọ́n á sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró nínú kíṣìnì, ọwọ́ kan lára síńkì, ojú lára ìkòkò. Kò sẹ́ni tó ṣe é lófin. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní àárín ìgboro London ni Mummy ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbé oúnjẹ fún àlejò o. Abọ́ tí àlejò bá jẹ kù ni wọ́n ń kó. Wọ́n máa ń sọ fún wa bí àwọn òyìnbó ṣe ń fi ìdajì ẹja sílẹ̀, tí wọ́n á nu ẹnu, tí wọ́n á dìde láìwẹ̀yìn. Mo rò pé ẹja tó ṣòfò ló ń dùn wọ́n. Àṣé àìwẹ̀yìn yẹn gan-an ló ń ká wọn lára. "Kéèyàn jẹun tán kó kàn dìde," Mummy á mi orí. "Irú ìsinmi wo nìyẹn?"

Nígbà tí mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá, Mummy ti ẹnu iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì mẹ́rin tí wọ́n rà lọ́wọ́ aṣojú ilé iṣẹ́ ìrìnàjò kan ní New Cross. Bruges, ìlú kan lódìkejì òkun, ní àkókò ọlidé Easter. Daddy ka tíkẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n yí i padà, wọ́n tún un kà.

"Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò tíì ní páànù lórí," ni Daddy wí, "ìwọ fẹ́ kó wa lọ Bruges. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Oúnjẹ wà níbẹ̀."

"Oúnjẹ ò sí nílé ni?"

"Ó wà, Bàbá Rísì. Èmi ni mo ń sè é."

Daddy ní àwọn kò bá wa lọ. Mummy ní kò burú, páànù ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ. Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò gbàgbé títí dòní: "Mo ti kó abọ́ tó tó gẹ́ẹ́. Èmi náà á jókòó, kí ẹlòmíì gbé oúnjẹ fún mi, kó sì kó abọ́ mi, lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú." Kò sí ìjà nínú ohùn wọn, ṣùgbọ́n Daddy gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà padà fún wọn.

Ìyá Sàídì, aládùúgbò wa, wá gba Mummy nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín ẹran, kí wọ́n gbé gàrí, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, nítorí pé ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí làwọn ará ọ̀hún fi ń ṣe ohun gbogbo. Ìmọ̀ràn rere ni. Mummy dúpẹ́, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó gbé kúlà dání, kíṣìnì ló ń gbé kiri.

Bí a ṣe dé Bruges nìyẹn, lẹ́yìn tí èmi àti Rísì ti bì káàkiri inú ọkọ̀ ojú omi tó gbé bọ́ọ̀sì wa sọdá òkun. Ìlú àtijọ́ ni lóòótọ́. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì, omi ń gba àárín ilé kọjá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ò sì jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn. Òórùn ṣokoléètì ń jáde láti ojúlé sí ojúlé. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Ìyá Sàídì sọ. Gbogbo ibi tí a dé, bí kì í bá ṣe ẹlẹ́dẹ̀, ẹran tí wọ́n fi ọtí sè ni. Mummy á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè. Àwọn kan dáhùn jẹ́jẹ́, àwọn kan gbé èjìká sókè, ọkùnrin kan tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ọ̀dùnkún díndín la jẹ lọ́jọ́ náà, nínú ìwé, lórí ìdúró, nínú afẹ́fẹ́. Ó dùn o, mi ò ní purọ́. Èmi àti Rísì ti gba kámú. Mummy ń ju tiwọn fún ẹyẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Ìpápánu nìyí," ni wọ́n wí. "Ìpápánu kọ́ ló gbé mi kọjá òkun."

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ tí a máa padà, Mummy we gèlè wọn tó dáa jù, wọ́n sì kó wa wọ ilé oúnjẹ kan létí omi. Aṣọ funfun wà lórí gbogbo tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin wéítà kan fẹ́ kó wa lọ sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́, bẹ́ẹ̀ tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo. Mummy kò bá a jiyàn. Wọ́n kàn lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwa náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní kó gbé ẹja wá, odindi ẹja, kó má fọtí sí i.

Ẹja dé nínú abọ́ funfun mẹ́ta, bọ́tà ṣì ń hó lórí rẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti gbé fọ́ọ̀kì. Mummy di ọwọ́ mi mú. Wọ́n yí abọ́ tiwọn po, wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ ẹja náà sókè, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀.

"Excuse me," wọ́n pe wéítà náà. "Where is the head?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kì í gbé orí fún àlejò, pé ológbò ló ń jẹ ẹ́.

"So your cat is eating better than me," ni Mummy wí. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní odindi ẹja làwọn béèrè, odindi làwọn máa jẹ. Wọ́n sì káwọ́ sórí tábìlì.

Nílé wa, ọmọdé kì í fọwọ́ kan oúnjẹ kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Bí Mummy ṣe káwọ́, àwa náà káwọ́. Bọ́tà ń dì lójú wa báyìí. Nídìí tábìlì kejì, tọkọtìyàwó kan ń fọwọ́ ṣí ìkarahun dúdú kéékèèké, wọ́n ń fa ẹran inú rẹ̀ mu, omi ọbẹ̀ ń ṣàn sí wọn lágbọ̀n. Kò sẹ́ni tó wo ìyẹn. Àwa ni gbogbo ilé ń wò. Rísì ti ń sunkún. "Mummy, jọ̀ọ́ now, everyone's looking at us."

"Kí wọ́n máa wò," ni Mummy wí. "Ojú wọn ni."

Ní tèmi, ojú kò tì mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé wọ́n á lé wa jáde, pé Mummy á padà sí Peckham láìjókòó jẹun rárá, Daddy á sì tún béèrè pé kí ló wà níbẹ̀.

Ni ìyá kan tó ń dáná bá ti kíṣìnì jáde, ó sanra, ojú rẹ̀ pọ́n fún ooru iná, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi. Mummy fọwọ́ kan orí ara wọn, wọ́n nàka sí abọ́. Ìyá náà bá wéítà sọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn, etí ọmọkùnrin náà pọ́n. Ìyá náà padà wọlé lọ. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó padà, orí ẹja mẹ́ta ló gbé dání, ó ti dín wọn pọ́n dáadáa.

"This, I eat," ló wí, ó fọwọ́ gbá àyà. "In kitchen."

Ológbò kankan ò sí. Òun gan-an ló ń jẹ ẹ́, lórí ìdúró, lẹ́yìn tí àlejò bá ti lọ. Mummy wò ó títí. Wọ́n wá fa àga kẹrin sẹ́yìn, èyí tí ì bá jẹ́ ti Daddy. "Sit down," ni wọ́n wí. "Come and eat."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá ń jẹun tí ẹnìkan bá bá wa níbẹ̀, dandan ni ká ní kó wá jẹun. Òun náà á ní á gba ibi ire, á sì bá tirẹ̀ lọ. A kì í retí pé kó jókòó. Ìyá yìí kò mọ ìyẹn. Ó nu ọwọ́ sára épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó jókòó. Mummy ta gìrì, lẹ́yìn náà wọ́n sún abọ́ sí àárín, wọ́n ní Bísímílà, wọ́n mú orí kan, ìyá náà mú ọ̀kan, èmi àti Rísì pín ẹ̀kẹta. Ọwọ́ ni gbogbo wa fi jẹ ẹ́. Àwọn méjèèjì fa ojú ẹja mu, wọ́n tú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rún egungun. Mi ò tíì rí ẹni tó jẹun báyẹn rí.

Nígbà tí ìyá náà padà sẹ́nu iṣẹ́, Mummy nawọ́, wọ́n gbé abọ́ kan lé èkejì. Ọwọ́ wọn ló ṣe é kí ọkàn wọn tó mọ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n gbé abọ́ náà sọ̀kalẹ̀ padà síbi tó wà, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Wéítà náà rí wa, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń pẹ́. A jókòó. Oòrùn kúrò lójú omi, a ṣì jókòó. Nígbà tó wá kó abọ́ náà níkẹyìn, Mummy nu ẹnu, wọ́n dìde, wọn kò wẹ̀yìn.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Daddy béèrè nígbà tí a délé.

"Orí ẹja," ni Mummy wí.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Mummy se ọbẹ̀ ẹja, wọ́n gbé àga wá láti yàrá, wọ́n jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú wa, wọ́n sì bu orí ẹja sínú abọ́ ara wọn. Daddy jẹ ìrù. Wọ́n yọ egungun kan lẹ́nu.

"Egungun rẹ̀ pọ̀," ni Daddy wí.

Mummy ní àwọn mọ̀.

Daddy ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ilé Ìjẹ̀bú-Igbó ti rí páànù tipẹ́, àdán ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀yin ń fi fóònù wá ibi tí wọ́n ti ń ta halal kí ẹ tó kúrò ní Peckham, ẹ ń ya fọ́tò oúnjẹ kí ẹ tó bu òkèlè. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé iṣẹ́ la wá ṣe nílùú yìí, a ò wá jẹun. Irọ́ ni. A wá jẹun. Kí wọ́n fún wa ní àga.

Mummy wà lọ́dọ̀ Rísì ní Sydenham báyìí. Wọn kò rántí Bruges mọ́, nígbà míì wọn kì í rántí orúkọ mi. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ọmọbìnrin tó ń wá tọ́jú wọn gbé ìrẹsì lé wọn lórí itan níwájú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ Abẹ́òkúta ni, ṣùgbọ́n Brixton ló dàgbà sí. Mummy pa ẹnu dé, wọ́n nàka sí tábìlì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, it's just easier here."

Wọn kò ya ẹnu. A gbé wọn dé ìdí tábìlì. Ọmọ náà dúró tì wọ́n pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Wọ́n tún pa ẹnu dé.

"Jókòó," ni Mummy wí. "Wá jẹun."

"Mummy, mo ní client míì ní New Cross, I'm already late."

Mummy wò ó, wọ́n káwọ́ sórí tábìlì. Ọmọ náà wò mí. Mo lọ bu ìrẹsì sínú abọ́ kejì, mo gbé e síwájú àga tó ṣófo. Ó jókòó tòun ti kóòtù lọ́rùn, ó bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ìgbà yẹn ni Mummy tó ya ẹnu.