Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Òórùn epo máṣíìnì ìránṣọ ló máa ń jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Télọ̀ ni bàbá mi ní agboolé wa ní Bẹyẹrunkà, epo tó fi ń tọ́jú máṣíìnì rẹ̀ náà ló sì fi ń pa ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ọwọ́ ló fi ń wà á, nítorí pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti kékeré. Ìyá mi á máa fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ sùtánà funfun wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni mo máa ń tì í láti ẹ̀yìn tí a bá ń gun òkè Mápó. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí àdúgbò yẹn mọ̀ pé òkè yẹn kì í ṣe ti eré. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí òun gbé bàbá mi pọ̀n, á ní, "Ẹ ṣé, ẹsẹ̀ mi rèé," á sì gbá irin kẹ̀kẹ́ náà.

Ká wá làágùn dé ṣọ́ọ̀ṣì tán, wàhálà ẹnu ọ̀nà ló kù. Aládùúrà ni wá, a kì í wọ bàtà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi títí dòní ni bí Bùrọ́dà Jóòbù, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ṣe pinnu pé bàtà ni táyà.

"Ibi tí bàtà ń gbé ni kẹ̀kẹ́ máa gbé, Bàbá Dúpẹ́," ó ní. "Ilẹ̀ mímọ́ nìyí."

Ni àwọn géńdé méjì á bá gbé bàbá mi lápá lẹ́sẹ̀ bí àpò gàrí. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ tán, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni títí orin àkọ́kọ́ á fi parí. Níta, àwọn ará ìjọ á ti to bàtà sórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Tí ìsìn bá sì parí, àwọn géńdé yẹn á ti bá tiwọn lọ, àwa méjèèjì á wá máa wo ara wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo. Inú á bí mi.

Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi ń fẹ́ ni kó fúnra rẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Lọ́jọ́ kan ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ sílípáàsì, ó sì ń wọ́ lọ. Bùrọ́dà Jóòbù na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà ọwọ́ yín."

Ẹ gbọ́ mi o, bàtà ọwọ́. Bàbá mi wò ó títí, ó sì ní kí n ran òun lọ́wọ́ padà sórí kẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níta ló ti ń jọ́sìn, láàárín bàtà, nínú oòrùn àti òjò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé ká máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ní Òkè Bọ́lá. Ó ní, "Ṣé Jóòbù ló pè mí síbí ni?" Agídí rẹ̀ náà sú mi.

Lọ́dún tó kọjá ló kú. Àwọn tó ń ṣètò òkú gbé pósí rẹ̀ lé irin onítáyà mẹ́rin, wọ́n sì ń tì í bọ̀ láti títì. Bùrọ́dà Jóòbù, tí orí rẹ̀ ti funfun báyìí, fúnra rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu fún wọn.

Dúpẹ́ kékeré tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò lè la ẹnu níbẹ̀. Bàtà àwọn ará ìjọ nìkan ló máa ń ta nípàá. Ṣùgbọ́n èmi ti di ìyá àgbà, mo sì dúró sáàárín ọ̀nà.

"Bùrọ́dà, níbo ni ká gbé èyí sí?" Mo na ọwọ́ sí àwọn táyà náà.

Ó wo ilẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ máa tì í wọlé, màmá."

Gbogbo ọdún tí bàbá mi lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dúró dè. Mo yà fún wọn, wọ́n tì í kọjá lọ síwájú pẹpẹ, kò sì gbọ́.